Bí Iṣẹ́ Onífọ́tò Ṣe Dàgbà Láàrin Wa

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ẹ bá gbójú sókè wo ara ògiri ilé tí ẹ jókòó sí yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i níbẹ̀: àwòrán bàbá, àwòrán ìyá, àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn tí ó ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí iṣẹ́ wọn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, bí ó ṣe dàgbà, àti ohun tí yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ bí a kò bá tètè lajú.

Nínú ilé wa, àwòrán kan wà tí ó ti wà lára ògiri kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi jókòó, ìyá mi dúró tì í, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Bàbá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ojú rẹ̀ le koko bí ojú ẹni tí ó fẹ́ dá ẹjọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi ìyá mi léèrè ohun tí ó fà á tí bàbá kò fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Ìyá mi dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, ẹ̀rín ti ọjọ́ kan ni. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni bàbá rẹ ń wò."

Àwọn àgbà ní, ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí jẹ́ kí a mọ̀ pé kí kámẹ́rà tó dé rárá ni àwọn baba wa ti ń ronú bí ojú ènìyàn yóò ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ifẹ̀, wọ́n fi idẹ àti amọ̀ ṣe orí ènìyàn, ó sì jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu fi ń ya gbogbo ayé títí di òní. Ní Ọ̀wọ̀, bí ẹni ńlá bá kú, wọn a gbẹ́ ère tí ó ga tó ènìyàn, wọn a wọ aṣọ olóògbé fún un, kí ìlú lè rí i kí wọ́n sì dá a mọ̀. Àkó ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá sì kú, ìyá wọn a lọ bá agbẹ́gilére, a gbẹ́ ère ìbejì fún un. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fún un ní oúnjẹ, a sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí onífọ́tò dé, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo ni ó bá. Agbẹ́gilére ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1839 ni wọ́n kéde ní Paris, fún gbogbo ayé, ọ̀nà tí Louis Daguerre fi ń mú kí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ya àwòrán sára bàbà tí a fi fàdákà bò. Àwòrán rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni. Kò ṣeé tẹ̀ ní méjì. William Henry Fox Talbot, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá ọ̀nà mìíràn. Òun kọ́kọ́ ń ya òdì àwòrán sórí bébà, níbi tí funfun ti di dúdú, tí dúdú sì di funfun. Lára òdì yìí ni a óò ti wá tẹ iye tí a bá fẹ́. Òdì yìí ni àwọn onífọ́tò wa ń pè ní nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi yóò padà sí.

Iṣẹ́ náà tètè dé etíkun wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní 1853, Augustus Washington, ọmọ ènìyàn dúdú tí ó ti ní ilé àwòrán tirẹ̀ ní Hartford ní Amẹ́ríkà, kó wá sí Liberia, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán àwọn ará Monrovia. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà ń gbé kámẹ́rà láti èbúté kan dé èkejì: Freetown, Accra, Èkó. N. Walwin Holm ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Accra kí ó tó kó wá sí Èkó ní àwọn ọdún 1890.

Ní ìhà ìlà-oòrùn, ọmọ Bonny kan wà tí ń jẹ́ Jonathan Adagogo Green. Ní 1897, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé Ọba Ovonramwen ti Bìní lọ sí ìgbèkùn ní Calabar, Green ni ó ya àwòrán rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọba jókòó, àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ni àwọn tí ó ṣẹ́gun kọ nípa ọ̀rọ̀ náà ní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n àwòrán yẹn ni ó jẹ́ kí àwa tí a wà láyé lónìí rí ojú ọba fúnra rẹ̀. Ọdún 1905 ni Green kú, kò sì ju ẹni ọdún 32 lọ. Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe sílẹ̀!

Ǹjẹ́ báwo ni ènìyàn ṣe ń di onífọ́tò láàrin wa? Mo lọ bi bàbá kan léèrè ní àdúgbò wa, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó ti ya ìdajì àwọn tí ó gbéyàwó ní ìlú náà nígbà kan rí. Mo bá a níwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, odindi ọdún kan ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi tí n kò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Omi ni mo ń pọn."

Mo rò pé àwàdà ni ó ń ṣe, àfi ìgbà tí ó ṣàlàyé. Ní yàrá òkùnkùn, oògùn kan wà tí ń mú kí àwòrán yọ lójú bébà. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní háípò, òun ni ó ń dè é mọ́lẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàá bà á jẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n háípò kan náà, bí ó bá kù sára bébà, yóò máa jẹ àwòrán náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ojú ọkọ àti ìyàwó a pọ́n, a sì parẹ́. Omi púpọ̀, omi tí a ń dà nù tí a sì ń pààrọ̀ léraléra, ni ó ń fọ̀ ọ́ kúrò. Bàbá náà ní, "Bí ọmọṣẹ́ bá ṣe ọ̀lẹ, oníbàárà kò ní mọ̀ lónìí. Ọmọ rẹ̀ ni yóò mọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí mo padà délé lọ́jọ́ náà, mo dúró níwájú àwòrán bàbá mi. Dúdú rẹ̀ ṣì dúdú, funfun rẹ̀ ṣì funfun. Ọmọṣẹ́ kan tí n kò mọ̀ rí ti pọn omi dáadáa nítorí tèmi.

Lẹ́yìn omi pípọn, wọ́n a kọ́ ọmọṣẹ́ láti po oògùn, kí ó sì mọ iye ìṣẹ́jú tí bébà yóò lò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ bí a ti ń fi pẹ́ńsùlù tí ẹnu rẹ̀ mú ṣinṣin tún nẹ́gẹ́tíìfù ṣe, tí a ó fi pa àpá rẹ́ lójú oníbàárà, láìjẹ́ kí ojú náà di ojú ẹlòmíràn. Nígbà tí iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀pọ̀ ìlú, oòrùn ni wọ́n fi ń ya àwòrán, oòrùn kan náà ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn kan àpótí kámẹ́rà tí ó jẹ́ yàrá òkùnkùn fúnra rẹ̀: onífọ́tò a ti ọwọ́ bọ inú àpótí, a fọ nẹ́gẹ́tíìfù orí bébà níbẹ̀, a tún fi kámẹ́rà kan náà ya nẹ́gẹ́tíìfù yẹn, àwòrán gan-an a sì jáde kí oníbàárà tó kúrò ní ìdúró. Ní ìgbẹ̀yìn, bí ọ̀gá bá ti rí i pé ọwọ́ ọmọ náà ti mọ́lẹ̀, wọ́n a ṣe fírídọ̀mù fún un, òun náà a sì lọ dá dúró.

Irú ọ̀nà yìí ni Solomon Osagie Alonge gbà. Wọ́n bí i ní Bìní ní 1911, ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Èkó, ó padà sílé, ó sì di ayàwòrán ààfin ní ìgbà Ọba Akenzua Kejì. Ní 1942 ni ó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀, Ideal Photo Studio. Ẹni tí ó ń ya ọba ni ó ń ya ìyá aláta pẹ̀lú, ìjókòó kan náà ni ó sì ń fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí yẹ kí a dúró lé lórí. Ní àwọn ọdún 1970, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún, ó ń wo bí àwọn onífọ́tò ìlú náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1978 ni ó tẹ ohun tí ó rí jáde. Ó rí i pé onífọ́tò wa kì í ṣáà ya ènìyàn bí ó bá ṣe bá a. Àgbàlagbà yóò jókòó tààrà, yóò kọjú sí iwájú gangan, aṣọ ńlá rẹ̀ yóò tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ yóò wà lórí orúnkún, ojú yóò sì balẹ̀. Ipò rẹ̀ láwùjọ gbọ́dọ̀ hàn kedere. Bí bàbá mi ti jókòó gan-an nìyẹn! Ohun tí agbẹ́gilére mọ̀ nípa ìdúró tó yẹ ènìyàn ni onífọ́tò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sprague tún rí ohun tí ó ṣe mí láàánú púpọ̀. Ní Ìlá, àwọn ìyá kan ti fi àwòrán dípò ère ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti kú kí wọ́n tó ya ìbejì náà pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀méjì, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan náà, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni ó jókòó ti ara wọn. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ obìnrin tí èyí tí ó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n a wọ aṣọ ọmọbìnrin fún un, wọ́n a yà á, wọ́n a tún wọ aṣọ tirẹ̀ fún un, wọ́n a tún yà á. Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè: ta ni ó kọ́ onífọ́tò yẹn? Kò sí ìwé òyìnbó tí ó wà níbẹ̀. Ìbànújẹ́ ìyá kan ni ó wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó sì wá ọgbọ́n sí i. Níbí yìí ni mo ti gbà pé iṣẹ́ náà ti di tiwa.

Nígbà tí iṣẹ́ sì ti gbilẹ̀ nílé, ó gbéra lọ sí ìdálẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀fà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣòwò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe aṣọ àti àwo nìkan ni wọ́n gbé lọ. Ní Gánà, ní Côte d'Ivoire, ní Niger, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó jẹ́ pé Yorùbá ni ó ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kí wọ́n jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ní ilé fọ́tò, tí ó ti kó nẹ́gẹ́tíìfù jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ni yóò gbé nínú ọ̀sẹ̀ méjì? Kámẹ́rà ṣeé fi kọ́ ọrùn. Àpótí dígí àti fíìmù wúwo.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai, ni wọ́n bí ní 1930. Ní 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie, kámẹ́rà ọmọdé tí kò ní iná rárá. Ó ń kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn pé kí wọ́n gba òun síṣẹ́. Kò sú u. Ó ń kọ òmíràn lé òmíràn títí wọ́n fi gbà á ní 1954, inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n sì fi í sí. Ní 1961 ó di ayàwòrán ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin wa: ṣùkú, onílé gogoro, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ó ń rí wọn ní ìgboro, ó ń rí wọn ní òde ìgbéyàwó, títí ó fi ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ní 1975 ni ó tó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Kétu, l'Ékòó. Kí ó tó kú ní 2014, wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì àti ní Ítálì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: láti ọjọ́ tí ó ra kámẹ́rà ọmọdé títí di ọjọ́ tí ó ṣí ilé tirẹ̀ jẹ́ ọdún 25. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ó wá kan ìgbéyàwó. Nígbà tí àwọn òbí wa ń gbéyàwó, fíìmù tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ń lò kò fún wọn ju àwòrán 12 lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Gílóòbù tí ń kọ mànà lórí kámẹ́rà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń kọ, ó jó tán nìyẹn. Owó ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Onífọ́tò kò lè máa yìn ín lù gbogbo ohun tí ó bá rí bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Ó gbọ́dọ̀ mọ ètò ìgbéyàwó ju alága ìjókòó lọ: ìgbà tí wọn yóò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, ìgbà tí òrùka yóò bọ́ sí ìka, ìgbà tí omi yóò bọ́ lójú ìyá ìyàwó. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹbí pẹ̀lú. Bí ó bá gbàgbé láti ya ẹ̀gbọ́n bàbá, ìjà ọdún mẹ́wàá ni ó dá sílẹ̀ yẹn.

Láti àwọn ọdún 1980, ẹ̀rọ tí ń fọ fíìmù aláwọ̀ mèremère dé àwọn ìlú ńlá wa. Kò sí ìdí láti pọn omi mọ́. Onífọ́tò a ya àwọn aláṣọ ẹbí lójú agbo, a sáré lọ fọ̀ ọ́, kí àsè tó parí a ti tẹ́ àwòrán sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, olúkúlùkù a sì máa wá ojú ara rẹ̀ rà. Ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò àtijọ́ ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà tí kò lo fíìmù rárá dé, tẹlifóònù alágbèéká sì tẹ̀ lé e. Nínú iléeṣẹ́ Kodak ni Steven Sasson ti ṣe kámẹ́rà aláìnífíìmù ní 1975. Ní 2012, gbèsè gbé Kodak dé ilé ẹjọ́.

N kò bú ìgbà tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ya ìgbéyàwó lónìí ní ọgbọ́n, wọ́n sì ń rí owó tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní 2009 ni mo gbéyàwó. Ẹni tí ó yà wá, ẹni tí n kò ní dárúkọ, ya àwòrán tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta. A tẹ ìwọ̀nba díẹ̀ sínú álíbọ́ọ̀mù, ó kó ìyókù sínú sídíì kan ṣoṣo fún wa. Òjò wọlé lọ́dún kan, ó ba álíbọ́ọ̀mù jẹ́. Mo ní kò burú, mo lọ gbé sídíì. Sídíì kò ṣí. Mo tọ ẹni náà lọ; ó ní kọ̀ǹpútà tí òun kó o sí ti kú tipẹ́. Ní ọjọ́ kan, àbígbẹ̀yìn mi dúró níwájú àwòrán àwọn òbí mi, ó ní, "Bàbá, ti Bàbá Àgbà nìyí. Tiyín ńkọ́?" Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, n kò rí èsì fún un.

Àwòrán kan ṣoṣo tí wọ́n fi omi fọ̀ dáadáa ṣì wà. Ẹgbẹ̀ta ti lọ. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí wọ́n bá yà fún yín, ẹ mú mẹ́wàá, ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà tó dára, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn wọn. Ẹ kó ìyókù sí ibi méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe ibì kan. Bí onífọ́tò àtijọ́ bá wà ládùúgbò yín, ẹ yà kí i kó tó di pé àwọn ọmọ rẹ̀ kó àpótí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ jó nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀ ilé. Nẹ́gẹ́tíìfù Alonge kò sọnù. Wọ́n wà ní ìpamọ́ ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington, wọ́n sì pàtẹ wọn fún gbogbo ayé wò ní 2014. Ojú àwọn ará Bìní àtijọ́ ni wọ́n fi wà níbẹ̀ tí à ń wò.

Ẹ̀yin onífọ́tò tí ẹ ń dàgbà bọ̀, kámẹ́rà olówó gọbọi kọ́ ni ó ń sọ ni di ọ̀gá. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń yà, ẹ mọ ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ fún un, kí ẹ sì tọ́jú ohun tí ẹ bá yà. Bàbá àgbà àdúgbò wa ti sọ ọ́ tán: oníbàárà kò ní mọ̀ lónìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò mọ̀.

Èmi àti ìyàwó mi ti pinnu. Lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó wa bá tún yí po, a óò wọ aṣọ wa, a óò lọ jókòó níwájú onífọ́tò, ọwọ́ lórí orúnkún. N kò sì ní rẹ́rìn-ín.